Ẹtù Tó Di Ará Erékùṣù



Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, lẹ́yìn tí agogo ìparí ẹ̀kọ́ ti lù ní Sakété, ọmọbìnrin kan láti kíláàsì mi dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní òun fẹ́ fi nǹkan hàn mí lórí tẹlifóònù ẹ̀gbọ́n òun. Fídíò ni. Àwọn ọkùnrin kan wọ aṣọ aláwọ̀ ewé, wọ́n gbé ìbọn, wọ́n ń rákò nínú koríko gbígbẹ lẹ́sẹ̀ òkè, òkun sì ń dán lọ́ọ̀ọ́kán. Wọ́n wọ ọkọ̀ òfuurufú láti Amẹ́ríkà lọ sí erékùṣù Hawaii kí wọ́n lè lọ pa tòlótòló igbó. Ọmọ náà bi mí pé: "Olùkọ́, ṣé tòlótòló ti tán nílé wọn ni?"

Ìbéèrè ọmọdé ni, ṣùgbọ́n n kò lè dáhùn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo lọ wádìí.

Tòlótòló kò tán nílé wọn rárá. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà gan-an ni orísun ẹyẹ náà. Hawaii ni kò ní in tẹ́lẹ̀. Ènìyàn ló fi ọkọ̀ ojú omi gbé e débẹ̀ láyé àtijọ́. Nígbà tó sì di àwọn ọdún 1960, wọ́n tún kó èyí tí ń gbé inú igbó Texas wá, wọ́n tú u sílẹ̀ sí pápá àwọn màlúù ní erékùṣù tó tóbi jù níbẹ̀, kí àwọn ọdẹ lè rí nǹkan pa. Ẹyẹ náà bí sí i, ó rẹ̀ sí i. Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ dọdẹ rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Ìgbà tí wọ́n ń pa á ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní òpin, iye tí ẹnì kan lè pa sì ní ìwọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn ṣe ń fi ọ̀pọ̀ wákàtí fò kọjá òkun, tó ń lọ lépa ẹyẹ tí àwọn bàbá ńlá rẹ̀ gbéra láti ilẹ̀ kan náà tí ọdẹ ti gbéra. Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ẹ̀rín mìíràn tún wà níbẹ̀ fún mi. Nígbà tí mo wà ní sixième, a ka ìtàn kan nípa oúnjẹ Kérésìmesì nílẹ̀ Faransé. Inú rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ pàdé ọ̀rọ̀ náà dinde. Olùkọ́ bi wá léèrè ohun tó jẹ́, kò sí ẹni tó mọ̀. Mo nawọ́, mo ní ẹtù ni. Èdè wa ni mo fi sọ ọ́, ìyẹn sì di ẹ̀ṣẹ̀ kejì. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbé signal kọ́ mi lọ́rùn. Ẹ̀yin tí ẹ ti tó ẹgbẹ́ mi mọ signal: ohun ìtìjú tí wọ́n fi ń jẹ ọmọ tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ níyà, tí kò ní kúrò lọ́rùn rẹ̀ títí yóò fi rí ẹlòmíràn tó ṣì ọ̀rọ̀ sọ bíi tirẹ̀.

Ó ju ogún ọdún lọ lẹ́yìn náà kí n tó mọ̀ pé àwọn ará Yúróòpù alára ti ṣe irú àṣìṣe mi. Àwọn ará Sípéènì ló gbé tòlótòló láti Mẹ́síkò dé Yúróòpù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Wọ́n rò pé Íńdíà ni wọ́n ti ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tí Faransé fi pè é ní poule d'Inde, tó wá di dinde. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti mọ ẹtù ṣáájú, láti ọwọ́ àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Tọ́kì. Nígbà tí tòlótòló dé, wọ́n da àwọn méjèèjì pọ̀, wọ́n sì fi orúkọ ilẹ̀ Tọ́kì pe ẹyẹ Amẹ́ríkà títí dòní. Linnaeus, ọ̀mọ̀wé ará Sweden tó fún àwọn ẹranko lórúkọ, pe tòlótòló ní Meleagris ní ọdún 1758, bẹ́ẹ̀ orúkọ tí àwọn Gíríìkì àtijọ́ ń pe ẹtù ni. Kò sí ẹni tó gbé signal kọ́ Linnaeus lọ́rùn.

Níwọ̀n ìgbà tí olùkọ́ kò lè ṣe kó má kọ́ni, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ṣàkíyèsí àmì ohùn. Ẹtu ni ẹranko oníwo kékeré tí ń sá nínú igbó. Ẹtù ni ẹyẹ abìlà tí àwọn kan ń pè ní awó, tí Faransé ń pè ní pintade. Ẹ̀tù ni ohun tí ọdẹ ń rọ sínú ìbọn láti fi pa àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìsí àmì, bí a ti ń kọ ọ́ lórí tẹlifóònù, kò sọ nǹkan kan.

Ẹtù tiwa náà ti rìnrìn àjò lọ sí erékùṣù, kò sì sí ẹni tó bi í bóyá ó fẹ́ lọ. Láti etíkun Áfíríkà ni wọ́n ti gbé e lọ sí àwọn erékùṣù Cap-Vert, tó wà lójú òkun lọ́kàn-án-kán Sẹ̀nẹ̀gàl. Ní oṣù kìíní ọdún 1832, ọkọ̀ Beagle gúnlẹ̀ sí Santiago, ọ̀kan nínú wọn. Inú ọkọ̀ náà ni Charles Darwin wà, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàlélógún, tó sì fẹ́ràn ìbọn àti ẹyẹ pípa gan-an nílé wọn. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìrìn àjò rẹ̀ pé àwọn rí agbo ẹtù kan tó tó àádọ́ta sí ọgọ́ta, ṣùgbọ́n àwọn ẹyẹ náà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ àwọn. Wọ́n ń gbé orí sókè, wọ́n ń sáré lọ, bí a bá sì lé wọn, wọ́n á fò. Ọdẹ ilé wa yóò ka ìyẹn, yóò ní: ẹtù nìyẹn lóòótọ́.

Ó tún dé Saint-Domingue, ilẹ̀ ẹrú àwọn Faransé, tó di Haiti ní ọdún 1804. Àwọn ènìyàn wa pọ̀ lára àwọn tí wọ́n kó lọ síbẹ̀. Títí dòní, orúkọ Nàgó ṣì wà nínú ètò ẹ̀sìn Vodou wọn. Ẹtù bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń sìn ín, ó wọ igbó orí òkè. Àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní pintade marronne. Marron kan náà ni wọ́n ń pe ẹrú tó sá kúrò lóko olówó rẹ̀, tó lọ tẹ ìlú tirẹ̀ dó sórí òkè. (François Duvalier, tó gorí àlééfà ní 1957, wá sọ ẹyẹ náà di àmì ìjọba tirẹ̀, ìjọba tó ń kó ènìyàn sẹ́wọ̀n. Ẹyẹ kò mọ̀ sí i.)

Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé mi lọ sọ́dọ̀ bàbá ọdẹ kan lẹ́yìn Pobẹ̀, lọ́nà ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí. Akẹ́kọ̀ọ́ mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá mi lọ. A kúnlẹ̀, a dọ̀bálẹ̀, a kí i, ó sì fún wa ní àpótí jókòó. Mo bi í pé: "Bàbá, ṣé ẹtù igbó ṣì wà?"

Ó ní: "Ọmọ mi, ó wà, ṣùgbọ́n kò pọ̀ mọ́. Nígbà tí mo ń tẹ̀ lé bàbá mi, a máa ń gbọ́ ohùn wọn láti ẹnu ọ̀nà oko kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní báyìí, mo lè rìn títí oòrùn yóò fi mú láìgbọ́ ẹyọ kan."

Ó ṣàlàyé fún àwọn ọmọ náà. Ilẹ̀ ni ẹtù ti ń jẹun, ilẹ̀ náà ló ń yé sí nígbà òjò, ṣùgbọ́n orí igi ló ń sùn. Lójú ọ̀sán, ẹtù ń ríran ju ọdẹ lọ, ó sì lè sáré. Lóru, bí iná bá ti mọ́ ọn lójú, kì í mọ ibi tí yóò gbà. Ẹni tó bá so iná mọ́rí lè pa gbogbo agbo lórí igi kan ṣoṣo. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ná ẹ̀tù mọ́: wọ́n ń fi oògùn apakòkòrò inú oko òwú po àgbàdo, wọ́n á dà á síbi tí àwọn ẹyẹ ti ń mu omi, wọ́n á sì ta òkú ẹyẹ náà fún wa láti sè. "Ẹyẹ kú, ẹni tó jẹ ẹ́ ń ṣàìsàn, wọ́n á ní ibà ni," ni bàbá wí.

Mo sọ fún un pé a ní òfin: ti 18 oṣù kẹwàá ọdún 2004 lórí ẹranko igbó béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọdẹ. Mo sọ pé ní òkè lọ́hùn-ún, ní agbègbè Pendjari, àwọn àlejò láti Yúróòpù máa ń sanwó tẹ́lẹ̀ láti wá pa ẹtù àti àparò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí apá kan owó náà sì máa ń padà sọ́dọ̀ àwọn abúlé nígbà náà. Mo sọ ti Hawaii: pé ẹyẹ tí kì í ṣe tiwọn ni wọ́n fún ní ìgbà ìsinmi, àwa kì í sì í jẹ́ kí tiwa sinmi.

Bàbá gbọ́ mi tán. Ó ní: "Bàbá mi kì í yìnbọn sí ẹtù nígbà tó bá ń yé. Kò sí ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà náà, ẹran tí a bá pa, a máa ń jẹ ẹ́ ni. Ní báyìí, ọkọ̀ ń dúró lójú títì, àwọn tó ka ìwé bíi tìrẹ ń nawó jáde láti ojú fèrèsé. Ṣé wọ́n máa ń béèrè oṣù tí a wà?"

Akẹ́kọ̀ọ́ mi wò mí. N kò lè fèsì. Ní oṣù kẹfà tó kọjá, mo dúró lójú ọ̀nà láàrin Sakété àti Pobẹ̀, mo ra ẹtù igbó kan lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan, inú mi sì dùn pé ó dínwó fún mi. Nígbà tí ìyàwó mi la inú rẹ̀, ó pè mí wá wò ó. Ẹyin mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ti ní èèpo.

A sè é, a jẹ ẹ́.