Ìdájọ́ Owó Káńsù: Ọwọ́ Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Wà Báyìí?

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, tí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sápò káńsù tààrà, ọ̀pọ̀ nínú wa fò sókè. Ta ni kò ní fò? Ilé ìwòsàn káńsù tí kò ní oògùn, ọ̀nà oko tí kàtàkàtà kò dé rí, gbogbo wa la mọ̀ wọ́n. Àwọn gómìnà ti jẹ owó yẹn yó.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká ka ìdájọ́ náà, ká gbé ìbínú sí gómìnà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná.

Apá kan wà níbẹ̀ tó dára púpọ̀. Abala 7 nínú ìwé òfin ní àwọn tí ará ìlú dìbò yàn ni kó máa ṣe ìjọba ìbílẹ̀. Gómìnà tó bá fi alága fìdíhẹ síbẹ̀ ti rú òfin. Ó parí.

Ti owó ni kò rí bẹ́ẹ̀. Abala 162(5) ní kí wọ́n kó owó káńsù fún ìpínlẹ̀, nítorí káńsù. Ìkẹfà ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àpò àjọni tí owó náà yóò máa wọ̀. Adájọ́ Emmanuel Agim, tó ka ìdájọ́ náà, ní nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ ti sọ àpò yìí di oúnjẹ, owó lè lọ tààrà. Ẹ gbọ́ ná: tí akápò bá jalè, ṣé a ó ní òfin kò dárúkọ akápò mọ́ ni? Ọ̀nà tí a fi ń tún ìwé òfin ṣe wà ní abala 9: ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin àpapọ̀, àti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36. Wọ́n gbìyànjú ẹ̀ ní 2022, àwọn ìpínlẹ̀ tó fọwọ́ sí i kò pé 24. Ohun tí aṣòfin kọ̀, la wá gbà lọ́wọ́ adájọ́.

Ẹ rántí Èkó. Gómìnà Tinubu dá ìjọba ìbílẹ̀ 37 kún 20 tó wà nílẹ̀, Ààrẹ Obasanjo sì di owó káńsù Èkó mú. Ní oṣù Kejìlá 2004, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní 37 yẹn kò tíì pé lábẹ́ òfin títí aṣòfin àpapọ̀ yóò fi fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ààrẹ kò ní agbára kankan láti di owó mú. Ìpínlẹ̀ Èkó ló pe ẹjọ́ yẹn, ó sì rí ẹni gbọ́ tirẹ̀. (Obasanjo kò kúkú tètè san án.) Lónìí, Tinubu yìí kan náà ni ààrẹ tí agbẹjọ́rò àgbà rẹ̀ pe gómìnà 36 lẹ́jọ́.

Ẹ wá wo Ọ̀ṣun. Alága APC tí wọ́n dìbò yàn ní 2022 ń sọ pé àwọn ló ni káńsù, ti PDP tí wọ́n dìbò yàn ní oṣù Kejì 2025 ń sọ bẹ́ẹ̀. Owó há sí Àbújá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn. Nígbà tí Ọ̀ṣun gbé ọ̀rọ̀ dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, ìdáhùn tó gbà ní oṣù Kejìlá 2025 ni pé òótọ́ ni pé dídi owó náà mú kò bófin mu, ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ẹjọ́ fún káńsù. Wọ́n da ẹjọ́ náà nù. Káńsù wo ló máa wá pè é, nígbà tí ìjà ń lọ lórí ẹni tó ni káńsù? Ilẹ̀kùn tí Èkó gbà wọlé ní 2004 ti tì. A gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ gómìnà, a kò fún káńsù. Àbújá ló mú un.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ẹni tó bá takò ìdájọ́ yìí ń jẹun lọ́dọ̀ gómìnà, ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ aṣòfin ìpínlẹ̀ yín bí ó ṣe dìbò sórí àtúnṣe òfin yẹn ní 2022. Àtúnṣe míì ṣì lè wá síwájú wọn.