Àlejò Lójú, Ṣùgbọ́n Kò Fi Ríran

Àgbà kò fi òwe yìí bú àlejò. Jẹ́ kí babaláwo kan gbé ọpọ́n kalẹ̀ ní Ìkòròdú tàbí ní Ẹ̀pẹ́. Ó ń gbá ikin: bó bá ku ẹyọ kan lọ́wọ́, yóò tẹ ìlà méjì sínú ìyẹ̀rósùn, bó bá ku méjì, yóò tẹ ìlà kan. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni yóò ṣe é. Àlejò rí eruku tí wọ́n fìka fà. Onílé rí ọ̀kan nínú 256 odù.

Irú ojú àlejò bẹ́ẹ̀ ni Emil Ludwig, òǹkọ̀wé Jámánì, fi wò wá tó fi bi míṣọ́nnárì Edwin Smith pé báwo ni ará Áfíríkà tí kò kàwé ṣe lè mòye Ọlọ́run. Ọmọ Ìkòròdú wà lára àwọn tó fún irú ọ̀rọ̀ yẹn lésì. Ọdún 1913 ni wọ́n bí Bọ́lájí Ìdòwú níbẹ̀. Àlùfáà Mẹ́tọ́díìsì ni, òun ló sì wá ṣe olórí ìjọ náà ní Nàìjíríà. Síbẹ̀, nínú ìwé rẹ̀, Olódùmarè, tó jáde ní 1962, ẹsẹ Ifá, ìtàn àti òwe ló pè ní ẹlẹ́rìí. Lójú tèmi, ìgboyà rẹ̀ kò kéré sí ìmọ̀ rẹ̀.

Àlejò náà lè kọ́ bí a ṣe ń ríran, bó bá gbà kí ọmọ onílẹ̀ mú un lọ́wọ́. Ní 1835, Henry Rawlinson, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí í da àkọsílẹ̀ Ọba Dáríúsì kọ lára àpáta Behistun ní ilẹ̀ Páṣíà. Èdè mẹ́ta ni, àwọn àmì ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀. Apá kan wà tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó. Ní 1847, ọmọdékùnrin Kọ́dì kan kan èèkàn sí pàlàpálá àpáta, ó so okùn mọ́ ọn, ó rọ̀ dirodiro, ó sì fi bébà tútù tẹ àmì náà jáde. Rawlinson gbayì káyé. Ọmọ yẹn ńkọ́? Ta ló mọ orúkọ rẹ̀?

Ní tiwa, ọmọ onílé ló ń di àlejò. Ọ̀dọ́ Ìkòròdú gbọ́ pé ọdún Màgbó dé, bóyá ọjà máa tì nìkan ló ń bèèrè. Wọ́n ń jó ní ọdún Káyókáyó l'Ẹ̀pẹ́, ṣùgbọ́n mélòó ló mọ̀ pé dídé Kòsọ́kọ́, ọba Èkó tí wọ́n lé kúrò lórí ìtẹ́ ní 1851, ló bí i?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, fóònù wà lọ́wọ́ yín. Ẹ tọ àwọn àgbà lọ, ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀, ẹ má sì gbàgbé láti kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ síbẹ̀.