Kí Ọ̀dọ́ Tó Ta Ìgbòkun

Ọ̀rọ̀ omi ni a mú bọ̀ lónìí. Lórí ọ̀sà Nokoué, àwọn apẹja ṣì ń rán àpò ìrẹsì pọ̀ ṣe ìgbòkun, afẹ́fẹ́ a sì máa gbé wọn lọ láìra epo. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ti ń gba ipò ìgbòkun. Ọjọ́ tí epo bá gbówó lórí, ẹni tí kò mọ ìgbòkun lò yóò jókòó sétí omi. Ìmọ̀ yìí kò gbọdọ̀ bọ́ lọ́wọ́ wa.

Ọkọ̀ kékeré ló yẹ akẹ́kọ̀ọ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní Optimist, tí Clark Mills ṣe ní ọdún 1947 fún àwọn ọmọdé Clearwater ní Amẹ́ríkà, kò gùn tó mítà 2 ààbọ̀. Títí di òní, òun ni ọ̀pọ̀ ọmọdé káàkiri ayé fi ń kọ́ṣẹ́. Ohun èlò rẹ̀ kò pọ̀: òpó, ìgbòkun, okùn tí a fi ń fà á, ìtọ́kọ̀ lẹ́yìn, àti pákó pẹlẹbẹ tí a ń kì bọ omi láti àárín ọkọ̀. Pákó yìí ni kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ti ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọkọ̀ tí kò bá ní in, ẹ̀yìn ni afẹ́fẹ́ ti ń wúlò fún un jù. Bí afẹ́fẹ́ bá kọjú sí i, ọ̀pá tàbí àjẹ̀ ni yóò gbé e délé.

Ẹ fi àjẹ̀ kan, igbá ìgbọ́nmi, ọ̀bẹ àti omi mímu kún un. Ẹ so aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ òpó, kí ojú lè rí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. Kí olúkúlùkù sì wọ ẹ̀wù tí àwọn elédè Faransé ń pè ní gilet de sauvetage kí ọkọ̀ tó kúrò ní èbúté, ìbáà jẹ́ ọ̀mùwẹ̀.

Kò sí ọkọ̀ ìgbòkun tó lè dojú kọ afẹ́fẹ́ gan-an. Bí ibi tí a ń lọ bá wà níwájú afẹ́fẹ́, a ó yà sápá ọ̀tún, a ó tún yà sápá òsì, títí a ó fi débẹ̀. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, nítorí bí ẹ ṣe lọ náà ni ẹ ó ṣe padà. Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ́kọ́ lọ sí ìhà tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, kí ó lè sìn yín wálé nígbà tí ó bá rẹ̀ yín. Òwúrọ̀ dára fún akẹ́kọ̀ọ́. Ní ọ̀sán, afẹ́fẹ́ òkun sábà máa ń le sí i.

Bí ọkọ̀ bá tẹ̀ jù, ẹ tú okùn ìgbòkun sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ yóò jáde nínú rẹ̀, ọkọ̀ yóò sì dúró. Nítorí náà, ẹ má ṣe so okùn yìí mọ́ ọkọ̀ láé: ọwọ́ ni kí ó wà. Bí ọkọ̀ bá sì dojú dé, ẹ má ṣe lúwẹ̀ẹ́ lọ sétí omi. Ẹ di ọkọ̀ mú. Ọkọ̀ igi a máa léfòó, ojú olùrànlọ́wọ́ a sì tètè rí i ju orí ènìyàn lọ. Etí omi tó dà bí ẹni pé ó sún mọ́ni sábà máa ń jìn.

Ẹ yẹra fún acadja, ẹ̀ka igi tí àwọn apẹja rì mọ́lẹ̀ kí ẹja lè sá sí: ó lè ya ìgbòkun, oko oníoko sì ni. Ẹ má sì sún mọ́ ẹnu ọ̀nà tí ọ̀sà gbà wọ òkun ní Kùtọnu, nítorí ìṣàn omi ibẹ̀ lágbára.

Àwọn bàbá tí ń ta ìgbòkun ṣì wà láàyè ní Ganvié. Ẹ lọ bá wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí ẹ ní kí wọ́n fi ọwọ́ yín lé okùn.