Ẹ Wo Inú Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Náwó Lé E

Míní láptọ́ọ̀pù tí ọ̀pọ̀ èèyàn rà láàárín ọdún 2008 sí 2011 ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù kiri. Acer Aspire One, HP Mini, Eee PC ti ilé-iṣẹ́ Asus: iná wọn ṣì ń tàn, kíbọ́ọ̀dù wọn ṣì ń dáhùn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tàn wọ́n, ẹ lè lọ jẹun kí ẹ padà wá bá wọn lẹ́nu ẹ̀. Ẹnì kan á ní kí wọ́n jù ú sí ààtàn. Ẹlòmíràn á sáré lọ ra háàdì díráìfù tuntun lọ́jọ́ kan náà. Èyí kò bọ́gbọ́n mu, ìyẹn náà kò bọ́gbọ́n mu, nítorí owó tí a bá ná kí a tó wádìí, òfò ló sábà ń dà.

Òótọ́ ni pé háàdì díráìfù ló sábà ń fa ẹ̀rọ náà sẹ́yìn. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, 160GB ni. Àwo inú rẹ̀ ń yí ní ìgbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan, apá kékeré kan sì ń wá fáìlì kiri lórí rẹ̀ bí abẹ́rẹ́ ṣe ń wá orin lórí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù. SSD, tó jẹ́ irú díráìfù mìíràn, kò ní ohun tó ń yí. Ìdí nìyẹn tó fi yára, tí ìgbọ̀nrìrì kì í sì í tètè bà á jẹ́. Bí ẹ bá fi rọ́pò, ẹ̀rọ á tètè tàn, ìwé tí ẹ kọ á tètè ṣí. Ṣùgbọ́n Intel Atom N270 tó ń darí ọ̀pọ̀ wọn kò yí padà, RAM wọn kì í sì í sábà kọjá 2GB. Ẹni tó bá ń retí pé SSD á sọ arúgbó ẹ̀rọ di ọ̀dọ́, ó ń tan ara rẹ̀ ni.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa wádìí ni irú àyè tó wà nínú rẹ̀. Eee PC 1000H àti Aspire One tó ń lo háàdì díráìfù ń gba díráìfù SATA oníìnṣì 2.5. Àmọ́ Eee PC 4G tó jáde ní 2007 kò rí bẹ́ẹ̀: wọ́n ti fi òjé lẹ 4GB rẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù, káàdì SD lẹ lè fi ràn án lọ́wọ́. Dell Mini 9 ń lo SSD pẹlẹbẹ kékeré kan, SSD M.2 òde òní kò lè wọ àyè rẹ̀. Nítorí náà, ẹ ka nọ́mbà abẹ́ ẹ̀rọ, ẹ yọ bátìrì àti wáyà iná, ẹ tú síkúrù, kí ẹ fi ojú ara yín rí i. Ẹ wo sísanra rẹ̀ pẹ̀lú: bí àyè bá jẹ́ mìlímítà 9.5, SSD oní-7 á wọ̀ ọ́, díráìfù oní-12.5 kò ní wọ̀ ọ́.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. 120GB tàbí 240GB ti tó irú ẹ̀rọ yìí. Ẹ má jẹ́ kí “2TB” olówó pọ́ọ́kú wọ̀ yín lójú. Àwọn ayédèrú kan wà tí wọ́n ti kọ́ láti máa parọ́ ìwọ̀n ara wọn, ohun tí ẹ bá sì kó sínú wọn kọjá ìwọ̀n òtítọ́, ó gbé nìyẹn. Ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ H2testw á tú àṣírí wọn. Bó bá jẹ́ àlòkù lẹ fẹ́ rà, ètò CrystalDiskInfo á sọ iye wákàtí tó ti ṣiṣẹ́. Ẹ ṣe àyẹ̀wò yìí kí ẹ tó kúrò níwájú ẹni tó tà á.

Kí síkúrù tó kúrò nídìí, ẹ ti kó fáìlì yín sí ibòmíràn, kí ẹ sì ṣí i lórí kọ̀ǹpútà mìíràn láti rí i pé ó pé. Bí díráìfù bá ti ń ró kọ̀ọ̀kọ̀ọ̀, èyí tó ṣe pàtàkì jù ni kí ẹ kọ́kọ́ kó. Ẹ má sì kó Windows XP padà sínú díráìfù tuntun: Microsoft ti dẹ́kun ìtọ́jú rẹ̀ láti ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2014. N270 kò kọjá 32-bit, nítorí náà Windows 11 kò lè wọ̀ ọ́. Ètò ìṣiṣẹ́ Debian 12 ní ẹ̀yà 32-bit tó bá a mu.

Díráìfù tí ẹ yọ ńkọ́? Ní 2009, ètò Frontline/World ti tẹlifíṣọ̀n PBS ní Amẹ́ríkà fi hàn pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìròyìn ra háàdì díráìfù àlòkù ní Gánà, wọ́n sì bá ìwé iṣẹ́ àdéhùn pẹ̀lú ìjọba Amẹ́ríkà nínú ọ̀kan. Fáìlì tí a pa rẹ́ lásán ṣì wà níbẹ̀. Ẹ fi ohun mìíràn kọ bò ó pátápátá, tàbí kí ẹ fọ́ àwo inú rẹ̀.

Lákòótán, ẹ ṣírò owó díráìfù pọ̀ mọ́ owó iṣẹ́. Bó bá sún mọ́ iye tí ẹ lè fi ra láptọ́ọ̀pù àlòkù tó dára, ẹ kó fáìlì yín, kí ẹ fi arúgbó sílẹ̀ kó sinmi. Bó bá sì rọjú, tó jẹ́ ìwé kíkọ àti ìṣirò lẹ fẹ́ lò ó fún, ẹ pààrọ̀ díráìfù rẹ̀. Yóò ṣiṣẹ́ fún yín.