Òdòdó Tí Ń Pa Ọmọ

Ẹ̀yin olùkọ́ wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ní Àgọ́-Ìwòyè àti ní agbègbè Ogun Waterside, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí a ń fi falẹ̀. Òdòdó olómiòjò tí a ń gbìn ṣe ọgbà yí ilé-ẹ̀kọ́ ká rẹwà lójú. Ṣùgbọ́n májèlé ni oje àti kóró èso rẹ̀, ọkàn ènìyàn ni í sì í kọlù. Ọmọdé kò mọ èyí. Ohun tí ó bá rí ni í fi sẹ́nu.

Pèrègún tí àwọn baba wa fi ń pààlà ilẹ̀ ńkọ́? Ẹ gé ọ̀pá rẹ̀, ẹ gbìn ín nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, yóò hù. Ẹ bẹ́ ẹ lórí, yóò yọ ẹ̀ka, ọgbà yóò sì dí.

Ẹ jẹ́ kí àwọn àgbàlagbà hú olómiòjò kúrò. Ẹ̀mí ọmọ ju ẹwà ọgbà lọ.