Dídákẹ́ Aláìsàn Kì Í Ṣe Ìyọ̀ǹda

Ẹ̀yin ará wa ní Ìdànrè, ayé ń yí, ọsibítù náà ń bá a yí. Káàdì tí a ń tò sórí pẹpẹ ń di ohun tí a ń tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Láti ìgbà tí òfin ọdún 2022 sì ti sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo olùgbé Nàìjíríà, orúkọ wa àti àìsàn wa yóò túbọ̀ máa wọ inú ẹ̀rọ. Èmi kò lòdì sí i. Káàdì a máa sọnù, eku a sì máa jẹ ẹ́.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé wọ́n ní kí á tẹ̀ka, a tẹ̀ ẹ́, a kò béèrè nǹkan kan. Oníṣòwò kòkó wa kì í gba owó àpò kan láìfojú rí òṣùwọ̀n. Ṣé ara wa kò wá tó kòkó ni?

Òfin Ìlera ti ọdún 2014 pàṣẹ pé kí òṣìṣẹ́ ìlera ṣàlàyé àìsàn, ìtọ́jú, ewu àti owó rẹ̀ fún aláìsàn ní èdè tó yé e, kí ó sì sọ fún un pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀. Àṣírí ni àkọsílẹ̀ rẹ̀, àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá fọwọ́ sí i, tàbí tí òfin tàbí ilé-ẹjọ́ bá pàṣẹ, tàbí tí àìsọ rẹ̀ bá lè fi ìlera ìlú sínú ewu. Òfin Ààbò Dátà ti ọdún 2023 fi kún un pé dídákẹ́ kì í ṣe ìyọ̀ǹda, àti pé ẹni tó yọ̀ǹda lè yí ọkàn padà. Àwa alùfáà mọ̀ pé ìdákẹ́ wúńdíá lè dúró fún ìyọ̀ǹda nígbà tí a bá fẹ́ so yìgì. Ti ọsibítù kò rí bẹ́ẹ̀. Adákẹ́-má-fọhùn, a kò mọ ti ẹni tí ń ṣe.

Ẹ rántí Kano ní ọdún 1996, nígbà tí àrùn yínrùnyínrùn ń pa ọmọ. Kò sí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀ràn ìyọ̀ǹda kan náà ni. Ilé-iṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọdé. Àwọn òbí ní ẹnikẹ́ni kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Ilé-iṣẹ́ náà ní àwọn gba ìyọ̀ǹda lẹ́nu wọn. Ọdún 2009 ni wọ́n tó fi àdéhùn mílíọ̀nù 75 dọ́là parí ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀ Kano. Ṣùgbọ́n ìfura ti wọlé: ó wà lára ohun tó mú kí Kano dá àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ dúró ní ọdún 2003.

Nítorí náà, kí á tó tẹ̀ka, ẹ jẹ́ kí á béèrè: Kí ni ẹ ń kọ? Ta ni yóò rí i? Bí mo bá kọ̀ ńkọ́? Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má gba ẹnu ìyàwó yín dáhùn. Alára ni í mọ ibi tí ń ro òun. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera, àmánà ni ohun tí ẹ ń tẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ni. Ìyálọ́jà tí àìsàn rẹ̀ di ọ̀rọ̀ ọjà kò ní padà wá sí ọsibítù mọ́. Ilé ni yóò jókòó sí títí àìsàn yóò fi borí rẹ̀.

Kí Ọlọ́run fi wá sára àwọn tí ń pa àmánà mọ́.