Ta Ni Ó Ni Ilẹ̀? Ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà àti Ẹjọ́ Àpápá

Ohun kan wà nínú ìtàn Amẹ́ríkà tí ó yẹ kí ó máa kọ ọlọ́gbọ́n lóminú. Nínú ìpínlẹ̀ 50 tí ó wà ní orílẹ̀-èdè ńlá náà, ó lé ní 20 tí orúkọ wọn ti inú èdè àwọn ọmọ ìbílẹ̀ wá, àwọn tí Òyìnbó bá lórí ilẹ̀. Orúkọ ẹ̀yà kan ni Massachusetts. Orúkọ ẹ̀yà kan ni Dakota pẹ̀lú. Odò ni Ohio àti Connecticut, àwọn onílẹ̀ ni ó sì sọ wọ́n ní orúkọ. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá lọ wá àwọn ẹ̀yà náà lórí ilẹ̀ tí a fi orúkọ wọn pè, díẹ̀ ni yóò rí. Orúkọ bàbá ń bẹ lára ògiri, a ti lé ọmọ kúrò nínú ilé.

Àwa tí a wà ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Kólónì Èkó rí, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Èkó náà ti jẹ́ kólónì. Ọba Èkó náà ti fi ọwọ́ sí ìwé fún Òyìnbó. Kí ni ó dé tí ilẹ̀ Àpápá kò fi bọ́ lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ lásán bí ti Amẹ́ríkà ti bọ́? Ẹ jẹ́ kí a gbé ìtàn méjèèjì yẹ̀ wò, nítorí ohun tí àwọn baba wa fi ẹjọ́ gbà lọ́wọ́ Òyìnbó, àwa ọmọ wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ nù.

Kólónì 13 ni Gẹ̀ẹ́sì ní ní etí òkun Amẹ́ríkà kí wọ́n tó kéde òmìnira ní 1776. Virginia ni ó ṣáájú, ilé-iṣẹ́ oníṣòwò kan láti Lọ́ńdọ̀nù ni ó sì tẹ Jamestown dó níbẹ̀ ní 1607. Ẹ wo bí Pennsylvania ti bẹ̀rẹ̀. Ọba Charles Kejì jẹ bàbá William Penn ní gbèsè. Ní 1681, dípò kí ọba san owó, ó kọ ìwé àṣẹ lé ọmọ lọ́wọ́, ó fún un ní ilẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kò fi ẹsẹ̀ tẹ̀ rí. Ẹni tí ó jẹ gbèsè wà ní Lọ́ńdọ̀nù; ẹni tí ó san án wà nínú igbó ní òdìkejì òkun, kò sì mọ̀ pé a ń jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè.

A kò gbọdọ̀ pa irọ́ mọ́ Penn. Olóòótọ́ ni, ó tún lọ bá àwọn Lenape tí ó ni ilẹ̀, ó sì san owó fún wọn. Àwọn ọmọ rẹ̀ ni kò fara wé e. Ní 1737 wọ́n gbé ìwé àtijọ́ kan jáde, wọ́n ní àwọn baba àwọn Lenape ti fi ilẹ̀ tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn já ní ọjọ́ kan àti ààbọ̀ sílẹ̀ fún bàbá àwọn. Àwọn Lenape gbà, nítorí wọ́n mọ bí ọmọ ènìyàn ti ń rìn: a ó rìn, a ó sinmi, a ó jẹun, a ó tún rìn. Àwọn ọmọ Penn ní tiwọn la ọ̀nà sílẹ̀ nínú igbó, wọ́n fi owó gba asáré mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn sì ti kọjá 60 máìlì kí àkókò tó pé. Báyìí ni ilẹ̀ tí ó lé ní mílíọ̀nù kan éékà ṣe bọ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín.

Ibòmíràn, àìgbọ́ra-ẹni-yé ni ó pa onílẹ̀. Ní 1626 àwọn ará Họ́láńdì kó ẹrù tí iye rẹ̀ jẹ́ 60 gílídà fún àwọn ọmọ ìbílẹ̀, wọ́n ní àwọn ti ra erékùṣù Manhattan, níbi tí ìlú New York wà lónìí. Àgbẹ̀ tí ó bá mọ ìṣákọ́lẹ̀ yóò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Bí àlejò bá mú ẹ̀bùn wá fún baálé, baálé a fi oko hàn án, a ní kí ó máa dáko. Kò sí baálé tí ó rò pé òun ti ta ilẹ̀ baba òun. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà rò pé oko ni àwọn fi han àlejò. Àlejò kọ ọ́ sínú ìwé pé ilẹ̀ ni òun rà. Òyìnbó kan, Roger Williams, ẹni tí ó tẹ Providence dó ní Rhode Island ní 1636, sọ ọ́ gbangba pé ọba Gẹ̀ẹ́sì kò ní àṣẹ láti fi ilẹ̀ onílẹ̀ ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Massachusetts ti lé e jáde, ohùn rẹ̀ yìí sì wà lára ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n kà sí i lọ́rùn.

Èyí tí ó burú jù ni ti ilé ẹjọ́. Ní 1823, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, tí John Marshall jẹ́ olórí rẹ̀, dájọ́ pé Òyìnbó tí ó kọ́kọ́ ṣàwárí ilẹ̀ ni ó ni ín. Pé gbígbé nìkan ni ẹ̀tọ́ ọmọ ìbílẹ̀ lórí ilẹ̀ baba rẹ̀. Ọdún 7 lẹ́yìn èyí, ní 1830, wọ́n ṣe òfin tí wọ́n fi ń lé àwọn ẹ̀yà lọ sí ìwọ̀-oòrùn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn Cherokee sì kú lójú ọ̀nà. Ẹni tí òfin bá ti sọ di àyágbé, ọjọ́ tí a ó lé e nìkan ni ó kù.

Ẹ jẹ́ kí a padà wálé. Ní Oṣù Kejìlá 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́, wọ́n sì dá Akíntóyè padà sórí oyè. Ní ọjọ́ 6 Oṣù Kẹjọ 1861, nígbà tí ọkọ̀ ogun Prometheus ń wo ààfin lójú, Ọba Dòsùnmú ọmọ Akíntóyè àti àwọn olóyè díẹ̀ fi ọwọ́ sí ìwé tí ó gbé èbúté àti erékùṣù Èkó fún Ọbabìnrin Victoria. Àpò owó ẹyọ 1,200 lọ́dọọdún ni wọ́n ní àwọn yóò máa fi gbọ́ bùkátà ọba. Láti ìgbà náà ni a ti ń gbé Èkó kiri bí ẹrù: ní 1866 wọ́n fi í sábẹ́ Sàró, ní 1874 wọ́n fi í sábẹ́ Gold Coast, ní 1886 ó dá dúró, ní 1906 wọ́n dà á pọ̀ mọ́ Gúúsù Nàìjíríà.

Ṣùgbọ́n ta ni ó ni ilẹ̀? Gbogbo ọmọ Èkó mọ̀ pé ọba ni ó ni àṣẹ, àwọn Ìdẹ́jọ, olóyè onífìlà funfun, ni ó sì ni ilẹ̀. Arómirẹ́, Ọ̀jọ́rà, Olúwa, Onírù, Ẹlẹ́gùṣì, gbogbo wọn ni ó ní ààlà tiwọn. Ọba kò lè fi ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ tọrẹ. Kódà ìwé 1861 náà fi èyí hàn, nítorí ó wí pé òǹtẹ̀ Dòsùnmú lára ìwé títa ilẹ̀ ni yóò jẹ́ ẹ̀rí pé kò sí ọmọ onílẹ̀ mìíràn tí ó ní ẹ̀tọ́ níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé Ọbabìnrin ti gba gbogbo ilẹ̀, kí ni a tún ń wá ẹ̀tọ́ onílẹ̀ fún?

Ọ̀rọ̀ náà dé ojú rẹ̀ ní Àpápá. Ní 1913 ìjọba gba ilẹ̀ kan níbẹ̀ fún ìlò ara wọn. Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, béèrè owó ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí onílẹ̀. Ìjọba ní rárá o, pé alábòójútó lásán ni ó jẹ́, ìwọ̀nba owó kékeré ni ó sì tọ́ sí i. Ilé ẹjọ́ gíga Èkó gbè sẹ́yìn ìjọba. Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, ìbá ti gba owó kékeré náà lọ sílé. Olúwa kò gbà. Ní 1920 ó wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àti ògbufọ̀. Ní ọjọ́ 11 Oṣù Keje 1921, Ìgbìmọ̀ Ìdájọ́ Ọba dá a láre láti ẹnu Haldane. Wọ́n ní pípààrọ̀ ìjọba kò túmọ̀ sí pé a ti gba ohun ìní àwọn ará ìlú. Wọ́n ní ilẹ̀ jẹ́ ti ìdílé àti ti àwùjọ, olóyè ni ó ń tọ́jú rẹ̀ fún wọn, kí ìjọba sì san owó rẹ̀ ní pípé. £22,500 ni ìjọba san.

Kò wá lọ́fẹ̀ẹ́. Nítorí pé Macaulay gbé ọ̀pá àṣẹ Ọba Èṣùgbàyí dání ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ọba sì kọ̀ láti sẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó sọ níbẹ̀, ìjọba gba ipò ọba lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1920. Ní 1925 wọ́n lé e lọ sí Ọ̀yọ́, ó di 1931 kí ó tó padà sí Èkó. Ní 1923 Macaulay dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀, òun ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Nínú ìjà ilẹ̀ Àpápá ni òṣèlú wa ti gbé gbòǹgbò.

Ẹnì kan lè wí pé ẹ̀fọn ni ó gbà wá, nítorí pé ibà kò jẹ́ kí Òyìnbó wá pọ̀ níhìn-ín bí wọ́n ti pọ̀ ní Amẹ́ríkà. Òtítọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọn kì í pe ẹjọ́. Ẹlòmíràn lè wí pé àánú Òyìnbó ni. Kí ẹni náà rántí pé ní 1918, ọdún 3 péré ṣáájú, Ìgbìmọ̀ Ìdájọ́ Ọba kan náà ti dájọ́ pé ọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó ni ilẹ̀ Rhodesia ti Gúúsù, kì í ṣe àwọn ọmọ ibẹ̀. Ohun tí ó mú ìyàtọ̀ wá ni pé Àpápá ní ẹni tí ó lè sọ òfin ilẹ̀ wa ní èdè tí adájọ́ gbọ́, ó ní owó ẹjọ́, ó sì ní ìlú tí ó dúró lẹ́yìn olóyè rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ èyí tí ó dunni. Ní 29 Oṣù Kẹta 1978, ìjọba ológun tiwa fúnra wa gbé Òfin Ìlò Ilẹ̀ jáde. Ó fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ọwọ́ Gómìnà gẹ́gẹ́ bí olùtọ́jú fún gbogbo ènìyàn. Àgbẹ̀ lè máa dáko rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ìjọba bá gba ilẹ̀ náà, owó irúgbìn àti owó ilé ni yóò rí gbà, kì í ṣe iye tí ilẹ̀ náà tó. Ẹ wò ó bí ó ti jọ ìdájọ́ Marshall ní 1823: gbígbé nìkan ni ẹ̀tọ́ ọmọ onílẹ̀. Ohun tí Haldane fi lé Olúwa lọ́wọ́ ní 1921, ọmọ Nàìjíríà ni ó gbà á padà.

Mo mọ ohun tí àwọn tí ó fẹ́ràn òfin yìí ń sọ. Wọ́n ní àwọn ọmọ onílẹ̀ a máa ta ilẹ̀ kan fún ẹni mẹ́ta, wọ́n a sì máa gbówó lé ilẹ̀ tí ìjọba fẹ́ fi kọ́ ilé-ìwé. Wọn kò purọ́. Ṣùgbọ́n a kì í tìtorí pé ọmọ kan jẹ́ olè kí a gba ilé lọ́wọ́ gbogbo ìdílé. Ẹ bojú wo Ajégúnlẹ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àpápá. Orúkọ náà wí pé ajé gúnlẹ̀ síbẹ̀. Lóòótọ́, láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí èbúté Àpápá ní 1926, ajé gbogbo ayé ń gúnlẹ̀ sí ìtòsí. Àwọn òṣìṣẹ́ èbúté láti gbogbo ẹ̀yà Nàìjíríà sì kún Ajégúnlẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò ní ìwé kankan lórí ibi tí wọ́n sùn. Ní Oṣù Keje 1990, ìjọba ológun wó Maroko ní Èkó kan náà, àwọn tí wọ́n lé jáde sì tó nǹkan bí 300,000. Níbi tí ẹ̀tọ́ kò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, onílẹ̀ àti ayálégbé ni òjò ń pa pọ̀.

Nítorí náà, kí olúkúlùkù ìdílé pe ìpàdé, kí wọ́n kọ orúkọ àwọn àgbà àti àwọn ọmọ ilẹ̀ sínú ìwé, kí wọ́n sì fi òfin dè é pé ẹnì kan kò gbọdọ̀ dá fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀. Kí àwọn àgbẹ̀ dáwó jọ, kí wọ́n pe awọnlẹ̀, kí wọ́n gba ìwé sọ́fè lórí oko wọn kí ìjà tó dé. Ní ti òfin náà, inú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ni wọ́n tì í mọ́. Kí a tó lè yí i padà, ó di ìdá méjì nínú mẹ́ta Ilé Aṣòfin méjèèjì ní Abuja, àti ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin àwọn ìpínlẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìbò ni, kì í ṣe iṣẹ́ ìbọn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá wá tọrọ ìbò ní abúlé yín, ìbáà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ bi í léèrè ní gbangba pé: bí ìjọba bá gba ilẹ̀ àgbẹ̀, ṣé yóò san owó ilẹ̀ ni, àbí owó iṣu orí rẹ̀ nìkan? Bí kò bá lè dáhùn, ẹ jẹ́ kí ó máa lọ.